The Sound of Music fún ilé àti gbọ̀ngàn: àwo wo ló dáa jù, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Olùdarí Akọrin: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Fíìmù The Sound of Music tí Robert Wise darí ní 1965 ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ láyé ọjọ́sí, DVD tẹ̀ lé e, Blu-ray jáde ní 2010, 4K sì dé ní 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, èwo ló yẹ kí ẹgbẹ́ akọrin rà tí wọ́n bá fẹ́ jọ wò ó, kí wọ́n sì fi kọ́ orin inú rẹ̀? Ẹ sọ ibi tó dáa, ẹ sọ ibi tó kù sí.

Àwòfín: Blu-ray. Ó tán.

Agbáwojọ: Kò tíì tán o, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó yí páálí sẹ́yìn kó wo nǹkan méjì: iye ìṣẹ́jú àti ìbú àwòrán. Kámẹ́rà Todd-AO ni wọ́n fi ya fíìmù yìí sórí fíìmù tó fẹ̀ ní mílímítà 65 (65mm), ìbú àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ 2.20 sí gíga 1. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n gé kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un jẹ́ 1.33 sí 1. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 60 nínú 100 ohun tí kámẹ́rà rí ló kù fún yín. Ẹ wo ibi tí Captain von Trapp ti fi fèrè pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje jáde, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti orí Liesl, àgbà wọn, dé orí Gretl, àbíkẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe tò yẹn gan-an ni eré ibẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ kò lè gbà wọ́n tán, ẹni tó gé e á kàn máa sún un sọ́tùn-ún sún un sósì. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i nílé, ohun tí wọ́n ti gé dànù ti lọ nìyẹn.

Ará Peckham: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà àlòkù ní Lọ́ńdọ̀n níbí kún fún DVD rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ ń sọ ìṣẹ́jú 167, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 174. Ìṣẹ́jú méje wo ni wọ́n gé? Ṣé ó sì lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sílé?

Atẹdùùrù: Wọn ò gé nǹkan kan. Sinimá ń lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ètò tẹlifíṣọ̀n PAL tí Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ń lò sì jẹ́ 25. Ohun tó rọrùn jù fún àwọn tó ń ṣe DVD ni kí wọ́n jẹ́ kí fíìmù sáré díẹ̀, kí 24 di 25. Eré yẹn lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún díẹ̀, òun ló sọ 174 di 167.

Tó bá jẹ́ fíìmù ìjà ni, kò séwu. Fíìmù olórin ni wàhálà ń bá, nítorí bí eré bá ti pọ̀ sí i ni ohùn náà ń gòkè. Ohùn A tí wọ́n fi sí 440 (iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) nínú kíbọọ̀dù á di 458. B-flat tó tẹ̀ lé e jẹ́ 466. Gbogbo orin inú àwo náà wá há sí àárín bọ́tìnnì méjì: tí ẹ bá tẹ C, kò bá a mu, tí ẹ bá tẹ C-sharp, kò bá a mu. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi dùùrù tẹ̀ lé "Do-Re-Mi" á rò pé dùùrù òun ló ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé fún akọrin, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bí àwòrán ṣe mọ́ tó. Ẹ béèrè bóyá ohùn dúró síbi tí wọ́n gbé e sí. Blu-ray ń lọ ní 24, nítorí náà ohùn rẹ̀ dúró. DVD Amẹ́ríkà náà dúró.

Kòdámilójú: Ẹ̀yin olórin! Ta ni ó gbọ́ ìyàtọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀?

Atẹdùùrù: Ẹni tó ń wò ó lásán lè má gbọ́ ọ, òótọ́ lẹ sọ. Àlàfo tó wà láàárín do àti re kò yí padà, gbogbo wọn ló jọ gòkè. Ohun èlò míì tó bá dúró tì í ló ń tú u fó. Ẹ gbé kíbọọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó gbọ́ ọ kí orin kan tó parí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tó ti ra PAL. Ẹ fi àwo sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí VLC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù jáde. Ẹ lọ sí Tools, Preferences, Audio, ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Enable Time-Stretching audio", ẹ tẹ Save. Ẹ tún padà sí Tools, Preferences. Ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, níbi Show settings, ẹ mú All. Ẹ wọ Input / Codecs, ẹ wá Playback speed, ẹ kọ 0.96 síbẹ̀. Ẹ tẹ Save, ẹ pa VLC, ẹ tún un ṣí. Ẹ fi 25 pín 24, ohun tó ń jẹ́ 0.96 nìyẹn, kò lé kò dín.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni àmì yẹn. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, eré á dínkù, àmọ́ ohùn á ṣì wà lókè níbi tó wà, torí VLC á máa tún un ṣe. Àwọn DVD kan sì wà tí àwọn tó ṣe é ti fa ohùn wálẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi dùùrù dán an wò ní 1.00. Tí ohùn bá ti bá dùùrù mu, ẹ jẹ́ kí àmì náà wà, kí 0.96 mú eré nìkan bọ̀ sípò.

Ìyá Ìbejì: Ṣé bọ́tìnnì "slow" orí rìmóòtù DVD ò lè ṣe é?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Rárá, mà. Ìyẹn máa ń dín eré dé ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì máa ń pa ohùn pátápátá.

Bàbá Sinimá: Ẹ̀yin ẹ̀ ń sọ pé PAL ló ń yí ohùn padà. Ẹ tún gbọ́ Captain. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ohùn kan, tó bá ń kọrin, ohùn míì. PAL náà ni?

Atẹdùùrù: Kì í ṣe PAL, ẹ̀gbọ́n. Bill Lee ló kọ orin tí ẹnu Christopher Plummer, tó ṣe Captain, ń tẹ̀ lé, gbogbo àwo lẹ ó ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mother Abbess, ọ̀gá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin náà, Margery McKay ló bá Peggy Wood kọ "Climb Ev'ry Mountain". Julie Andrews, tó ṣe Maria, ló kọ ti ara rẹ̀.

Bàbá Sinimá: Háà! "Edelweiss" tí Captain kọ náà? Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Austria!

Agbáwojọ: Kì í ṣe orin ìbílẹ̀ o. Rodgers àti Hammerstein ló kọ ọ́ fún eré orí ìtàgé tó jáde ní 1959. Òun ni Hammerstein kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn kó tó kú ní 1960. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe fíìmù, Rodgers nìkan ló kọ ọ̀rọ̀ àti orin "I Have Confidence" àti "Something Good". Ẹni tó bá ń kọ́ akọrin láti inú ìwé orin eré ìtàgé, tí kò rí méjèèjì yẹn, kó má rò pé wọ́n já ewé ìwé òun.

Bàbá Sinimá: A ti kọ "Edelweiss" nílé ìjọsìn wa gẹ́gẹ́ bí orin ìlú Austria. Ó dáa, mo gbà.

Ará Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí bóyá ó máa ṣiṣẹ́ nílé.

Agbáwojọ: Ẹ má bínú. DVD ní nọ́ńbà agbègbè: Ìlú Ọba 2, Nàìjíríà 5, Amẹ́ríkà 1. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà wa kì í béèrè nọ́ńbà. Ti Blu-ray le díẹ̀, torí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé òfin. Oríire yín ni pé Nàìjíríà àti Ìlú Ọba jọ wà ní agbègbè B. Amẹ́ríkà wà ní A, nítorí náà kí ẹni tó ń rà á láti Houston wo àmì ẹ̀yìn páálí dáadáa. 4K kò ní agbègbè rárá. Tí DVD Amẹ́ríkà bá gbé àwòrán dúdú àti funfun jáde lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tàbí tó ń yí gbirigbiri, ẹ wọ inú àtòjọ ẹ̀rọ náà, ẹ yí TV System kúrò ní PAL sí Auto tàbí Multi.

Màmá Fíìmù: Èmi, ìlà dúdú òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Mo fowó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, mi ò rà á fún dúdú. Zoom ni mo ń tẹ̀.

Àwòfín: Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n oní-1080, ìyẹn tó ní ìlà 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, nǹkan bí ìlà 873 ni àwòrán 2.20 gbà, ìyókù ló dúdú. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ títí dúdú fi tán, ẹ ti gé nǹkan bí 19 nínú 100 kúrò létí rẹ̀. Ẹ ti fowó ra àwo tó pé, ẹ sì fi rìmóòtù sọ ọ́ dà bíi ti kásẹ́ẹ̀tì.

Màmá Fíìmù: Tèmi kò tiẹ̀ kún òkè, kò kún ẹ̀gbẹ́. Ó kàn dúró láàárín.

Àwòfín: Ìyẹn ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀rọ DVD yín ṣì wà lórí 4:3 LB, ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ lọ sí TV Display, ẹ mú 16:9. Kí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ wà ní Just Scan, Screen Fit tàbí Original, bó bá ṣe ń pè é.

Olójú Àwọ̀: Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọ̀. Lójú tèmi, Blu-ray 2010 ti yí sí ìyeyè jù. Wọ́n fi ẹ̀rọ 8K da fíìmù 65mm náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ńlá, àwọn ewé àti òkúta hàn kedere, àmọ́ àwọ̀ ara Maria kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kòdámilójú: Tẹlifíṣọ̀n yín ló wà ní Warm 2, tó ń mú àwọ̀ pọ́n.

Olójú Àwọ̀: Kò sí ní Warm 2.

Kòdámilójú: Orí kí ló wà?

Olójú Àwọ̀: Movie, sharpness 0, ohun tó ń mú àwòrán yọ̀ ti wà ní pípa. Ẹ wo aṣọ funfun tó yí ojú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ká nínú ilé ìjọsìn wọn. Aṣọ yẹn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, torí dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Tí ó bá funfun nínú fíìmù míì lórí tẹlifíṣọ̀n kan náà, tó wá pupa rúsúrúsú níbí, inú àwo ló ti wá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fíìmù, tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ tún ṣe.

Àwòfín: Èmi ò rí ìyeyè tó ń da èèyàn láàmú níbẹ̀. Oòrùn Salzburg, ìlú tí wọ́n ti yà á, ni.

Olójú Àwọ̀: Oòrùn kì í wọ inú yàrá Mother Abbess, ẹ̀gbọ́n.

Ẹlẹ́rọ Gbọ̀ngàn: Ẹ jẹ́ kí n bá Olùdarí Akọrin sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Nínú sinimá tó ń gbé e jáde lórí fíìmù 70mm, ọ̀nà ohùn mẹ́fà ni fíìmù yìí ní: márùn-ún lẹ́yìn aṣọ àwòrán, ọ̀kan fún inú gbọ̀ngàn. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń rìn. Blu-ray 2010 kó o sí 7.1, ìyẹn ọ̀nà ohùn mẹ́jọ. Spíkà méjì ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa ní, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀: tí ẹ bá ki wáyà sí ihò Front Left àti Front Right nìkan nígbà tí ẹ̀rọ ṣì rò pé spíkà márùn-ún wà níbẹ̀, ohùn àárín á sọnù. Orin á máa dún, ọ̀rọ̀ ẹnu á rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ẹ yí Audio Output sí PCM, ẹ yí Downmix sí Stereo. Tí ẹ bá fi sí Bitstream, míksà kò ní mọ̀ ọ́n.

Ìpele ohùn ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù jẹ́ afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ lásán lórí àwọn òkè. Àwọn tó wà nídìí míksà máa ń rò pé ohùn kéré, wọ́n á fà á sókè, àwọn onílù àti onífèrè á wá wọlé lójijì, etí gbogbo ènìyàn á dí. Ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ tí Maria kọ lórí òkè wọn ohùn kí àwọn ènìyàn tó dé, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, ẹ tan DRC tàbí Night Mode, á gbé ibi tó rọ̀ sókè díẹ̀. Tí gbọ̀ngàn bá dákẹ́, ẹ pa á.

Ẹ lo àkókò ìsinmi tó wà nínú fíìmù, lẹ́yìn tí Maria bá ti jáde nílé Captain lóru àríyá. Apá kìíní gùn ju apá kejì lọ, nítorí náà ẹ má sọ fún ènìyàn pé ààbọ̀ ló kù.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kò ní ìsinmi kankan. Ó kàn já.

Agbáwojọ: Ẹ yí ẹ̀yìn àwo wò, mà. Àwọ̀ wo ló ní?

Ìyá Ìbejì: Elése àlùkò.

Agbáwojọ: Àwo tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà nìyẹn. Èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá máa ń dán bíi fàdákà. Àwo elése àlùkò jẹ́ 4.7GB, ojúlówó DVD onípele méjì sì jẹ́ 8.5GB. Tí ẹ bá tẹ fíìmù wákàtí mẹ́ta sínú 4.7GB, á fúnpọ̀, koríko àti igi ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù á sì di onígun mẹ́rin kéékèèké bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe ń fò kọjá lórí wọn. Torí kí àyè lè tó ni wọ́n ṣe ń gé ìsinmi àti orin ibẹ̀ dànù. Àwọn "20-in-1" tún burú jù, 235MB péré ló ń kan fíìmù kọ̀ọ̀kan nínú 4.7GB. Ẹ má sì sá a sóòrùn, àwọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ fíìmù wà lórí rẹ̀, ooru ń pa á.

Olùdarí Akọrin: Ẹ kú làálàá o. Projector ìjọ jẹ́ 1080. Ṣé kí a fo Blu-ray, kí a ra 4K tààrà?

Àwòfín: Ẹ̀rọ Blu-ray lásán kò lè ka àwo 4K, ẹ̀rọ tirẹ̀ lẹ ó rà. Tí ẹ bá rà á tán, ó ní láti yí HDR, ètò ìmọ́lẹ̀ àwo 4K, padà kí projector yín tó lè gbà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán á ṣókùnkùn nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ kò ní aṣọ tó nípọn. Blu-ray B láti Ìlú Ọba ni kí ẹ rà. Ará Peckham wà níbẹ̀.

Ará Peckham: Màá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé ti 2010 ni, àbí èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní 2015 náà dáa?

Agbáwojọ: Àwòrán kan náà ni. Ẹ mú èyí tó dínwó.