Báwo ni fíìmù inú yàrá kan ṣoṣo kò ṣe ní sú òǹwòran?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Fíìmù kékeré kan là ń yà ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn níbí. Inú pálọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọ bàbá kan ń jiyàn bóyá kí wọ́n ta ilé tó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dùn, àmọ́ tó bá ti dé ìdajì, ó máa ń sú èèyàn.

12 Angry Men, fíìmù tí Sidney Lumet darí ní 1957, níbi tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ẹlẹ́ni méjìlá ti ń jiyàn nínú yàrá kan, ni mo ń wò kọ́gbọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ga ju ojú àwọn òṣèré lọ. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àjà fi hàn lórí wọn. Lẹ́ǹsì náà ń gùn sí i (lẹ́ǹsì gígùn máa ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni), ògiri á wá dà bíi pé ó ń sún mọ́ wọn. Ọgbọ́n ńlá gbáà ni!

A dán an wò. Sísọ kámẹ́rà kalẹ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́ǹsì gígùn ni kò ṣeé lò, torí pálọ̀ náà há: bí mo fẹ̀yìn ti ògiri, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń kún àwòrán. A pa fáànù kí òógùn lè yọ lójú wọn. Ó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó.

Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 35mm nìkan, tí kò gùn, báwo ni kí n ṣe to ìjókòó àti ìdìde àwọn òṣèré, kí yàrá náà lè máa há mọ́ wọn láti ìdajì fíìmù lọ? Ṣé kí ẹni tó bá yí ọkàn padà kúrò níbi tó jókòó sí ni, àbí kí gbogbo wọn máa sún mọ́ra?