Ọmọ ọjọ́ 4 ò fẹ́ kúrò lẹ́nu ọmú, síbẹ̀ ó ń ké. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá wàrà tó?

BàbáTuntun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ wa pé ọjọ́ 4 lónìí. Kílò 3.2 ló tẹ̀wọ̀n nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n láàárọ̀ yìí, ó ti di 2.98. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹnu ọmú ló máa ń fẹ́ wà títí di nǹkan bí aago kan òru. Tá a bá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, igbe ni. Lánàá, ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rọ fún ọmú lẹ́yìn tí ọmọ mu tán, mìlílítà 15 péré ló jáde. Ẹnì kan nínú ilé ní ká máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì ní ká lọ ra wàrà inú agolo. Kí ni èmi tí mi ò lọ́mú lè máa fojú wò, tí màá fi mọ̀ pé oúnjẹ ń dé ikùn ọmọ yìí?

Agbẹ̀bíÀgbà
Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Bàbá. Èyí tó ń wọ ẹnu ọmọ ò ṣeé wọ̀n, àmọ́ èyí tó ń jáde nídìí rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń pààrọ̀ ìlédìí, kẹ́ ẹ máa fàlà sí i nígbàkígbà tó bá tọ̀ tàbí tó bá yàgbẹ́.

Ìtọ̀ kọ́kọ́: ọjọ́ kìíní, ó kéré tán ìlédìí 1 tó tutù, ọjọ́ kejì, 2, ọjọ́ kẹta, 3, ọjọ́ kẹrin, 4. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ó yẹ kó tó 6 láàárín wákàtí 24. Àwọn ìlédìí ìsinsìnyí máa ń fa omi mu débi pé ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ da omi ṣíbí ìjẹun ńlá 3, ìyẹn nǹkan bí mìlílítà 45, sínú ọ̀kan tẹ́ ẹ ò tíì lò, kẹ́ ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Bí ìlédìí tó tutù dáadáa ṣe máa ń wúwo nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú bí eruku bíríkì lára rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tó ki ni. Bó bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ọjọ́ 4, ọmọ ò mu tó, ẹ ké sí agbẹ̀bí yín.

Ìgbẹ́ ni mo fọkàn tán jù. Dúdú ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa lẹ̀ bí ọ̀dà. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó yẹ kó ti máa di àwọ̀ ewé. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, àwọ̀ ìyeyè tó ń ṣàn, tó ní wóró-wóró nínú, ó kéré tán ìgbà 3 lóòjọ́. Wàrà ló ń ti ìgbẹ́ dúdú yẹn jáde, nítorí náà, ọmọ ọjọ́ 5 tí tiẹ̀ ṣì dúdú, ebi ń pa á, ì báà tilẹ̀ máa sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìwọ̀n. Láti 3.2 sí 2.98, gíráàmù 220 ló lọ, kò pé ìdá 7 nínú 100. Ìyẹn wọ́pọ̀, omi ara àti ìgbẹ́ dúdú ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdá 10 ni ààlà. Fún ọmọ yín, ìyẹn ni 2.88. Bó bá dé ibẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́mú jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kó wo bó ṣe ń mu. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ó yẹ kó ti padà sí 3.2, lẹ́yìn ìyẹn, gíráàmù 20 sí 30 lóòjọ́. Òṣùwọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò, kí ọmọ sì wà níhòòhò. Ìlédìí tutù kan ṣoṣo lè ba gbogbo ìṣirò yẹn jẹ́.

Ní ti pé kò fẹ́ kúrò lẹ́nu ọmú lóru, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, hòmóònù tó ń dá wàrà dúró á lọ sílẹ̀, wàrà tó pọ̀ á sì dé láàárín ọjọ́ 2 sí 5. Láti ìgbà yẹn, èyí tí ọmọ bá mu ni ọmú máa ń fi òmíràn dí. Ọmú tó bá kún láìsí ẹni tó mu ún á dẹwọ́. Ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 ló yẹ kó mu. Ká sòótọ́, ọmọ ọjọ́ 4 tó sun wákàtí 5 láìjẹun ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń ké lọ.

Mìlílítà 15 yẹn ò burú rárá. Ìṣẹ́kù ni. Ọmọ tó wà ní ọjọ́ kẹta, mìlílítà 15 sí 30 ló ń mu lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ò sì mọ ọmú fà bí ẹnu ọmọ.

Ọwọ́Ẹ̀rọ̀
Àgbà ti sọ̀rọ̀ lórí ìdí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní wàrà ò tó, wàrà wà níbẹ̀, ẹnu ọmọ ni kò dé ibi tó wà.

Kí ìyá ọmọ fẹ̀yìn ti nǹkan dáadáa, kó gbé ọmọ wá sídìí ọmú. Kó má tẹ̀ ba láti gbé ọmú lọ bá ọmọ. Ikùn ọmọ ni kó kọjú sí ikùn ìyá. Kí etí, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wà lórí ìlà kan, torí kò sẹ́ni tó lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì gbé omi mì dáadáa. Imú ọmọ ni kó dọ́gba pẹ̀lú orí ọmú, kì í ṣe ẹnu. Kó fi orí ọmú ra ètè òkè rẹ̀, kó dúró títí ọmọ á fi yanu gbàgà bí ẹni tó ń yán, ìgbà yẹn ni kó fà á mọ́ra kíákíá, kí àgbọ̀n ọmọ ti kọ́kọ́ kan ọmú. Ẹ̀yìn èjìká ni kó tì, kó má ti orí. Ọmọ tí wọ́n bá ń ti lórí á máa ta orí padà, wọ́n á sì ní kò fẹ́ ọmú.

Bó bá wọlé bó ṣe yẹ, àwọ̀ dúdú tó yí orí ọmú ká á hàn lókè ẹnu ọmọ ju ìsàlẹ̀ lọ, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń jìn wọlé, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ tá, tá, tá, kò di ọmú mú dáadáa nìyẹn. Kí ìyá ki ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀ láti tú u, kí wọ́n tún un gbé. Ẹ tún wo orí ọmú nígbà tó bá jáde: bó bá tẹ́ pẹlẹbẹ, tàbí tó gé gbọọrọ sápá kan, ọmọ ń fún un mọ́ òkè ẹnu ni. Ibẹ̀ ni ojú egbò ti ń wá.

Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí gbígbémì. Níbẹ̀rẹ̀, á máa fà á léraléra. Bí wàrà bá ti ń sọ̀, á fà á gùn, àgbọ̀n á sọ̀ kalẹ̀, á dúró díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ “kọ́”. Nígbà tí ẹ ò bá gbọ́ “kọ́” mọ́, kí ìyá di ọmú mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka yòókù, kó máa fún un bí ọmọ bá ń fà, kó sì tú ọwọ́ bí ọmọ bá dúró. Bí ìyẹn ò bá mú nǹkan wá mọ́, ó kan ọmú kejì.

Lọ́la tàbí lọ́túnla, ọmú lè le gbagidi, orí rẹ̀ á tẹ́, ẹnu ọmọ á sì máa yọ̀. Kí ìyá fi orí ìka tẹ àyíká orí ọmú sẹ́yìn, síhà àyà, fún ìṣẹ́jú kan kó tó fún ọmọ. Ibẹ̀ á rọ̀. Aṣọ tó tutù dára lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára wọ́ ọmú yẹn o! Ṣe ló máa ń ṣe inú rẹ̀ léṣe, táá tún wú sí i. Bí apá kan bá pọ́n, tó gbóná, tí ara ìyá sì tó 38°C, kó lọ rí dókítà, kó má sì dá ọmú dúró.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé
Omi: rárá, ìdajì ṣíbí pàápàá. Kíndìnrín ọmọ tuntun ò tíì lè tètè da omi tó pọ̀ jù nù. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kí gìrì sì tibẹ̀ wá. Yàtọ̀ síyẹn, ikùn tó kún fómi ò ní béèrè ọmú. Omi ló pọ̀ jù nínú wàrà ìyá fúnra rẹ̀, ooru ì báà mú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kó jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, àfi oògùn tí dókítà bá kọ.

Wàrà inú agolo kì í ṣe májèlé, mi ò sì fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba àwọn ìyá. Nígbà míì, òun gan-an ló yẹ, bí ọmọ bá fọn ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bà jẹ́ ni pé wọ́n á fún ọmọ ní agolo lóru, ọmọ á sùn, ọmú ò ní rí ẹni mu ún, wàrà á dín kù, wọ́n á wá fi agolo kún agolo. Bó bá di dandan, wàrà tí ìyá fọwọ́ fún ni kó ṣáájú, nínú ife kékeré. Ohun tó bá kù ni kẹ́ ẹ fi agolo dí, kí ìyá sì fún ọmú lásìkò yẹn. Èyí tó bá fún pa mọ́ lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá ò bá gbóná ju 25°C lọ, tàbí ọjọ́ 4 nínú fìríìjì.

Tẹ́ ẹ bá ń po ti agolo, omi tí kò tíì lọ sílẹ̀ ju 70°C lọ ni kẹ́ ẹ dà sí i, torí kòkòrò lè wà nínú ìyẹ̀fun náà látinú agolo. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fún un. Èyí tó bá ti kọjá wákàtí 2, ẹ dà á nù. Ẹ má là á mọ́mi nítorí kó lè pẹ́ tán.

BàbáTuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Funfun ojú ọmọ ti ń di àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ láti àná. Ṣé ká máa gbé e sínú oòrùn ni? Ìyá rẹ̀ náà kàn ń bú sẹ́kún láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé
Jọ́ńdíìsì nìyẹn. Bó bá yọ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ, pàjáwìrì ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3 wọ́pọ̀, àmọ́ àyẹ̀wò ló lè sọ ibi tó dé. Ojú lásán máa ń tanni jẹ, pàápàá lára ọmọ tó dúdú. Ẹ gbé e lọ lónìí. Oòrùn ò ní òṣùwọ̀n, ó sì lè jó awọ ọmọ. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmú tó ń mu déédéé náà ń ràn án lọ́wọ́, torí ìgbẹ́ ni ohun tó ń sọ ojú di ìyeyè ń bá jáde.

Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ bí ó bá ṣòro láti jí i jẹun, tí ìyeyè náà dé ẹsẹ̀, tí ara rẹ̀ tó 38°C tàbí tí kò tó 36°C, tí àwújẹ̀ rẹ̀ jìn, tó ń mí gùlegùle, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Agbẹ̀bíÀgbà
Ẹkún ọjọ́ 3 sí 5 máa ń bá ọ̀pọ̀ ìyá, hòmóònù tó já lójijì àti àìsùn ló fà á. Kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 2. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, kó rí dókítà. Bó bá sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni tí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tó ń ro ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì lè dé títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ.

Iṣẹ́ tiyín nìyí: bí ọmọ bá ti mu ti aago mẹ́jọ alẹ́ tán, ẹ gbà á, kó gùfẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sáyà yín títí á fi tún béèrè. Wákàtí 2 tàbí 3 oorun tí ìyá bá rí níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ.

BàbáTuntun
Mo ti ka ti òní: ìlédìí 3 ti tutù láti òru, ìgbẹ́ sì ti di àwọ̀ ewé. À ń múra láti lọ ṣàyẹ̀wò ojú náà báyìí.

Agbẹ̀bíÀgbà
Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ fàlà sí yẹn dání. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Kí ìyá sì fún un lọ́mú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.