Ìgbédè ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́ èdè

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí "ìkẹ́kọ̀ọ́ èdè" jẹ́ orúkọ fún bí ọmọ ṣe ń mọ èdè, láti ìkókó títí dé ọdún 5. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀kọ́ ń fẹ́ olùkọ́. Ta ló jókòó kọ́ ọmọ oṣù 7 tó ń ké "ba-ba-ba" lórí ẹní?

"Ìgbédè" ni kí a lò, ìyẹn ni pé kí ọmọ máa gbọ́ èdè. Kò ṣàjèjì, ó ti wà nínú "agbédègbẹ́yọ̀". Bí àlejò bá sì wọlé, "Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?" là ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísọ la ní lọ́kàn.

Gbígbọ́ ló kúkú ṣáájú. Ọmọ oṣù 6 lè dá ìró èdè tí wọn kì í sọ nílé rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Kó tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ ti ń di sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohùn èdè tirẹ̀ ló ń dì mú. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 2, "búyẹ́dì" ló ń pe búrẹ́dì. Kò tíì lè pe "r", ṣùgbọ́n ohùn òkè, òkè, ìsàlẹ̀ yẹn kò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan ta kò mí pé etí nìkan ló ni "gbọ́", pé ọmọ adití ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́dún 1991, àwọn olùwádìí méjì, Laura Ann Petitto àti Paula Marentette, fi hàn pé ìkókó adití tí àwọn òbí rẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ máa ń fi ọwọ́ ṣe irú "ba-ba-ba" yìí. Òun náà ń gbédè. Ṣebí àwa Yorùbá ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀? Ṣé etí la fi ń gbọ́ ìyẹn ni?

Ti ọdún 5 tí wọ́n fi pààlà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún 5 pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Yóò bi yín pé ọba wo nilé rẹ̀ jó. Ọ̀dọ́langba tó ń pa irú òwe yẹn níbi tó yẹ, tó tún mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi "tótó, ó ṣe bí òwe" tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, ìgbédè ló ṣì ń bá lọ. "Ìkẹ́kọ̀ọ́ èdè" lè wà fún ẹni tó ń kọ́ Faransé ní kíláàsì.