Oṣù kan gbáko ni mo fi ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, mo ṣe bí géèmù ni

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi, bóyá ẹ̀yin náà á lè rí ẹnu sọ tiyín.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbá géèmù, n kì í sì í ṣe ọ̀lẹ nídìí páàdì. Lọ́dún 2022 tí Elden Ring jáde, mo gbá a parí. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ mọ irú káàbọ̀ tí wọ́n ń kí àlejò. O kò tíì jáde sí gbangba tán tí Tree Sentinel á fi máa bọ̀ lórí ẹṣin, wúrà láti orí dé ẹsẹ̀, á sì tẹ̀ ọ́ rẹ́ bí ẹni tẹ kòkòrò. Mo jẹ ìyà yẹn, mo lọ wá agbára kún agbára, mo gun ẹṣin tèmi padà wá, mo san án fún un. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé Clair Obscur: Expedition 33 jẹ́ géèmù tí wọ́n ń gba ìjà rẹ̀ ṣe, pé ìwọ á lù ú tán kí ó tó kan òun náà, mo rẹ́rìn-ín. Ìjà tó máa dúró kí n ronú tán, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?

Ilé-iṣẹ́ Sandfall Interactive ní Montpellier, ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Obìnrin àràmàǹdà kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n ń pè ní Paintress. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń dìde, á pa nọ́ńbà èṣín rẹ́ lára òpó gàgàrà kan, á kọ tuntun, gbogbo ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá sì ti dé nọ́ńbà yẹn á fẹ́ lọ bí eruku àti òdòdó. Ọdọọdún ni nọ́ńbà náà ń fi ọ̀kan dínkù. Níbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, 33 ló kàn. Mo dá géèmù dúró díẹ̀ níbẹ̀, mo ṣírò tèmi. Ká ní ibẹ̀ ni mò ń gbé, wọn ì bá ti gbàgbé mi tipẹ́.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ nínú ìjà. Òótọ́ ni pé ó máa ń dúró dè ọ́ tó bá kàn ọ́, ṣùgbọ́n tó bá kan ọ̀tá, kò dúró de ẹnikẹ́ni. O gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì lásìkò tí idà rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ gan-an. O lè yẹ̀ ẹ́, o sì lè fi ohun ìjà tìrẹ gbà á dànù, èyí tí wọ́n ń pè ní parry. Àyè díẹ̀ wà fún ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́. Àyè parry kéré ju ìyẹn lọ, àmọ́ bí o bá gba gbogbo ohun tí ọ̀tá jù sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan tí wàá fi san án fún un, ojú rẹ̀ á là.

Èmi ò rí ìkankan gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ yá, ó bà mí. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó bà mí. Mo tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí idà tó dé orí mi, ó ṣì bà mí. Lálaalẹ́ ni mò ń padà síbẹ̀ tí mo ń gba ìyà kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Mo ní, ó parí, àgbà ti dé. Mo sọ ìjà náà kalẹ̀ sí Story, èyí tó rọrùn jù nínú mẹ́ta tí wọ́n to síbẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá kí mi lọ́jọ́ kan. Ó gba páàdì, ó jà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, òun náà jẹ ìyà dáadáa. Inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan léraléra, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń pẹ́ o. Tẹlifíṣọ̀n yín ló ń pẹ́."

Tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í gbé àwòrán jáde bó ṣe gbà á. Á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́: á mú kó mọ́lẹ̀ sí i, á mú kó dán, á fi àwòrán tirẹ̀ há àárín àwòrán méjì kí ìrìn wọn lè máa yọ̀. Gbogbo ìtọ́jú yẹn ń gba àkókò. Tó bá jẹ́ fíìmù, o kò lè mọ̀, torí ó máa dá ohùn náà dúró kí méjèèjì lè jọ rìn. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ohun tí ò ń rí ti ṣẹlẹ̀ kọjá kó tó dé ojú rẹ. Lórí tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn jẹ́. Géèmù tó ń gbé àwòrán 60 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti fi mẹ́fà ṣíwájú yín nìyẹn. Ọ̀tá ti lù mí tán, ó ti ń padà sí ilé rẹ̀, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i tó gbé idà sókè.

Ọmọ náà wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n, ó tan ohun kan tó ń jẹ́ Game Mode, tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju pé kó pa gbogbo ìtọ́jú yẹn. Àwòrán náà ṣá díẹ̀ lójú mi. Ọ̀tá gbé idà, mo tẹ̀ ẹ́, *gàn-ín!* Mo fò dìde lórí àga.

Mo ti gbé e padà sí ipele àárín báyìí. N kò sọ pé mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n o. Àwọn ọ̀tá kan wà tí wọ́n á gbé idà sókè, wọn ò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á kàn máa wò ọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣe tán. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi etí gbá a ju ojú lọ. Kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sì kọ́kọ́ máa yẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń rí i tí wọ́n ń kọ Perfect sí i, ó ti tó àsìkò parry nìyẹn. Àbùkù tí mo rí lára géèmù náà ni pé kò sí àwòrán ọ̀nà láwọn ibi tí wọ́n ti ń jà, mo sì ń yí po lójú kan náà bí ẹni tí wọ́n di lójú. Síbẹ̀, orin ibẹ̀, háà. Mo máa ń dúró lásán kí n lè gbọ́ ọ.

Ó kàn yín.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Tèmi ò ṣeé dá tẹlifíṣọ̀n lẹ́bi.

Hollow Knight: Silksong ni. Àwọn mélòó kan ní Ọsirélíà tó ń jẹ́ Team Cherry ló ṣe é. 2019 ni wọ́n ti kéde rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ló tó jáde. Fún ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró dè é, ọjọ́ méjì péré ló sì fi sọ mí di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n fún ọ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀tá sì máa ń gba méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta, o ti kú. Bẹ́ẹ̀ nínú Hollow Knight àkọ́kọ́, bí mo bá fò tí mo gún nǹkan nísàlẹ̀, tààrà ni. Hornet, ẹni tí a fi ń gbá Silksong, máa ń fi ẹ̀gbẹ́ já wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń já lu ẹ̀gún.

Ó kan ọ̀gá ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Last Judge. Ọ̀nà tí o máa rìn láti orí bẹ́ǹṣì, níbi tí o ti ń jí padà tí o bá kú, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gùn, ó kún fún afẹ́fẹ́ àti àwọn tó ń fò. Gbogbo ìgbà tí mo bá kú, eré ni mò ń sá padà nítorí inú ń bí mi. Màá sì dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí méjì. Kí ni mo fẹ́ fi méjì ṣe? Ó tó bí ìgbà ogójì kí n tó fura pé ojú ọ̀nà ni mo ti ń pàdánù ìjà náà. Lọ́jọ́ tí mo rọra rìn, mo dé ibẹ̀ pé, mo sì pa á. Mo gbé páàdì lé itan, mo ń jó.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tó bá kú tán ó máa ń bú gbàmù. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún mi nígbà tí èéfín náà lọ.

*

Tèmi ò gùn. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń gbá tèmi. Géèmù kan wà tó máa ń dá gìrì nígbàkigbà tí iná tàbí èéfín tuntun bá yọ. Mo sọ òjìji kalẹ̀, mo sọ gbogbo ẹwà rẹ̀ kalẹ̀ títí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi dà bí amọ̀, kò yí padà. Àṣé nígbà tí mo bá ṣí i, ó máa ń kọ "Compiling shaders", èmi á sì fò ó torí kò yára. Ibẹ̀ ló ti ń túmọ̀ àwọn àṣẹ kéékèèké tí káàdì àwòrán máa lò. Bí n kò bá jẹ́ kó túmọ̀ wọn tán níbẹ̀rẹ̀, àárín ìjà ló ti ń túmọ̀ wọn. Mo fi í sílẹ̀ lọ wẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo dé, ó ti ń lọ geere.

*

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ. Èmi, ojú mi kò fọ́, ọwọ́ mi kò gbọ̀n, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó pẹ́. N kò ka ohun tí wọ́n kọ síwájú mi ni.

Balatro, tó jáde lóṣù Kejì ọdún 2024. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pe ara rẹ̀ ní LocalThunk ló dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ ló sì lé oorun kúrò lójú gbogbo ayé. Káàdì poker ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ò ń bá ta á. Àmì ni o máa kó jọ: 300 lo máa kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ó ń ga sí i títí wàá fi gun àtẹ̀gùn mẹ́jọ. Àwọn Joker tó tó 150 ló wà tí wọ́n ń yí òfin padà, wọ́n sì lè sọ káàdì jákujàku di owó ńlá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí Joker kan tó ń jẹ́ Baron. Baron máa ń sọ àmì rẹ di ìlọ́po kan àbọ̀ fún káàdì ọba kọ̀ọ̀kan tó bá wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò tíì jù sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọba jọ. Mo ta àwọn Joker tó dára, mo lé àwọn nọ́ńbà kúrò, ààfin ni mò ń kọ́. Àmì mi ń fò, mo ń pariwo nínú yàrá lémi nìkan. Mo wá dé iwájú ọ̀gá tó kàn. The Plant lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo káàdì tó bá ti ní ojú ènìyàn, asán ni.

Gbogbo ọba mi di ìwé lásán. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò mí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò fi pamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ síwájú mi, kí n tó gbá ẹyọ káàdì kan. Mo wò ó kọjá nígbà bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

*

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni. Àbúrò mi tó pa Last Judge, mo ti fi Silksong sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ṣì gbóná. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, èmi náà máa ń fo ìyẹn, mo ti jáwọ́.

Ẹni tó ní Baron, ìwọ ni n kò ní dárí jì. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ṣe gbé Balatro sórí kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ àná, mo ní kí n kàn wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́rin ìdájí ti lù, mo sì ti ní ọba méje.