Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: rọ́bà ìtọ̀ ni wọ́n fi dá bàbá mi padà wálé

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtọ̀ há mọ́ bàbá mi nínú lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ ilé ìtọ̀, ló wú. Wọ́n ti fi kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà ìtọ̀, sí i, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìwé tí wọ́n fún wa, ọjọ́ tí a máa padà wá nìkan ló wà níbẹ̀. Kí ni kí n rà? Ṣé kí n gba nọ́ọ̀sì tí á máa wá lójoojúmọ́, àbí mo lè ṣe é fúnra mi? Bàbá ò jáde mọ́, mọ́sáláṣí gan-an wọn ò lọ.

ÌyáÌbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkọ mi lò ó pẹ́. Ẹ fi owó nọ́ọ̀sì ojoojúmọ́ sápò. Ẹ ra báàgì ìtọ̀ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, àti ńlá fún òru, tí ẹ máa so mọ́ ẹnu ìsàlẹ̀ ti ẹsẹ̀ láìtú ti ẹsẹ̀ kúrò. Ti òru, ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má kan ilẹ̀, kó má sì ga tó ilé ìtọ̀ wọn, torí ìtọ̀ á padà sínú. Kó tó kún dẹ́nu ni kí ẹ ti dà á nù. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì tún fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ_Akin
Ẹ máa fi Dettol fọ ojú ibẹ̀. Ẹ tún máa tú rọ́bà náà láràárọ̀ kí ẹ da omi gbígbóná sínú rẹ̀. Àgbo ìtọ̀ náà dára.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù
Rárá o, Ọmọ Akin, ẹ jọ̀ọ́. Dettol á bó wọn lára. Ọṣẹ lásán àti omi tó, láti ojú ihò wá síta, kì í ṣe láti ìta lọ sínú. Títú rọ́bà kúrò lára báàgì lójoojúmọ́ ló sì burú jù, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Àgbo ńkọ́? Ẹ bi dókítà wọn kí kíndìnrín má lọ jìyà.

Àbẹ̀kẹ́, bàlúùnù kékeré kan wà ní orí rọ́bà náà nínú ilé ìtọ̀, omi bíi mílílítà 10 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kó yọ. Bàbá kan ní wọ́ọ̀dù wa fa tiwọn jáde lóru láìtú omi yẹn, ẹ̀jẹ̀ dà bo bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi pílásítà mú un mọ́ itan kó má máa fà wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà ara èyí tó wà níbẹ̀, 16 ló wọ́pọ̀ fún ọkùnrin. Ẹ má ra ńlá torí pé ẹ fẹ́ kó sàn dáadáa. Èyí tí wọ́n fi latex lásán ṣe, wọ́n máa ń tètè pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílíkónì ṣe lè tó ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó pààrọ̀ rẹ̀, owó nọ́ọ̀sì tí ẹ bá ní, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ti lo rọ́bà tó oṣù kan, kòkòrò ò lè ṣàìsí nínú ìtọ̀ rẹ̀. Tí lábù bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí kò sí ibà, tí kò sí òtútù, tí ara ò ro wọ́n, ẹ má sáré lọ ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n ibà, tàbí kí àgbàlagbà ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ, ọsibítù nìyẹn lójú ẹsẹ̀.

Déjọ_Peckham
Níbí ní London, nọ́ọ̀sì NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń wá pààrọ̀ ti bàbá ìyàwó mi nílé. Dípò báàgì, táàpù kékeré kan ni wọ́n fi sẹ́nu rọ́bà wọn, wọ́n á kàn lọ ṣí i ní ilé ìyàgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ fún, ẹ bi dókítà. Ẹ tún bi í bóyá wọ́n lè fi wọ́n sórí tamsulosin, oògùn tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n yọ rọ́bà wò. Ẹlòmíràn máa ń tọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àlàájà_Ìsẹ́yìn
Ti mọ́sáláṣí, ẹ pe àfáà wọn kó bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ò dáwọ́ dúró ní ìrọ̀rùn nínú ẹ̀sìn. Báàgì ẹsẹ̀ lábẹ́ ṣòkòtò àti agbádá, ta ló máa rí i?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, láàárọ̀ yìí ìtọ̀ ń jò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, bẹ́ẹ̀ báàgì náà ń gba díẹ̀díẹ̀. Ṣé kò ní jẹ́ pé rọ́bà yẹn kéré?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù
Ó ṣòro kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà ká tàbí wọ́n jókòó lé e. Ìgbà wo ni wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá
Háà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù
Ó lè jẹ́ òun nìyẹn. Ìgbẹ́ tó kún inú máa ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, omi dáadáa tí dókítà ò bá ti ní kí wọ́n dín omi kù, kí ẹ sì pe ọsibítù lónìí fún oògùn ìyàgbẹ́. Tí báàgì bá gbẹ pátápátá, tí ikùn ìsàlẹ̀ sì le, ẹ má dúró de ìbẹ́pẹ kankan, ẹ gbé wọn lọ.