Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìpara fún àpá irorẹ́ tí mo fẹ́ pò fúnra mi

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Irorẹ́ ti lọ lójú mi, àpá rẹ̀ ni kò lọ. Mi ò fẹ́ bóra o, kí ojú mi kàn dọ́gba ni. Mo ti ra òrí, ìyẹ̀fun niacinamide (irú vitamin B3 kan), ìyẹ̀fun kojic acid tó ń mú àpá dúdú ṣí, àti ìyẹ̀fun vitamin C. Àǹtí kan ní kí n po gbogbo rẹ̀ mọ́ òrí, kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ṣé wọ́n bára mu? Kí lẹ máa lò tó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Oníkírímù
Ẹ kú ìbéèrè, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Tí omi rẹ̀ bá wà lára tí oòrùn sì pa á, ó lè jó yín débi tí ara á fi léròrò, ibẹ̀ á sì dúdú ju àpá tí ẹ ń bá jà lọ.

Àwọn ìyẹ̀fun yẹn kì í yọ́ nínú òrí, omi ni wọ́n ń yọ́ sí. Ẹ fẹ́ emulsifying wax tó máa so omi àti òróró pọ̀.

Ní tèmi, niacinamide àti alpha arbutin (ìyẹ̀fun mìíràn tó ń mú àpá dúdú ṣí) nìkan ti tó. Ascorbic acid, ìyẹn vitamin C gan-an, fẹ́ kí pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ló ṣe ń kan sí) wà nísàlẹ̀ 3.5 kó tó lè wọ ara dáadáa. Niacinamide sì fẹ́ 5 sí 7. Tí ibi tí niacinamide wà bá kan jù, díẹ̀díẹ̀ lá máa di nicotinic acid, ìyẹn ló sì ń mú kí ojú pọ́n kó máa gbóná. Vitamin C yẹn náà kì í pẹ́ nínú omi kó tó pọ́n rúsúrúsú.

Fún gíráàmù 100: omi distilled 72.5, glycerin 4, niacinamide 4, alpha arbutin 1, emulsifying wax 6, òróró sunflower 8, òrí 3, vitamin E 0.5, preservative, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, 1 (èyí tó ní phenoxyethanol àti ethylhexylglycerin).

Ẹ bu díẹ̀ nínú omi yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ fi yọ́ niacinamide àti alpha arbutin. Ẹ gbé omi tó kù àti glycerin sínú ife kan, òróró, òrí àti wax sínú èkejì, kí ẹ sì gbé ife méjèèjì sínú omi gbígbóná títí wọ́n á fi tó 70 sí 75°C. Ẹ wá dà wọ́n pọ̀, ẹ máa fi bílẹ́ńdà ọlọ́wọ́ pò ó. Á kọ́kọ́ ṣàn bíi mílíìkì. Bó ṣe ń tutù ló máa ń ki. Ó di ìgbà tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 40°C kí ẹ tó fi omi ìyẹ̀fun yẹn, vitamin E àti preservative sí i. Ẹ fi bébà pH wò ó: 5.5 ni kó wà.

Ìyá Oyin
Ṣé dandan ni preservative? Fíríìjì ńkọ́?

Oníkírímù
Dandan ni, Mọ̀mí. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kòkòrò àìrí á sì ti pọ̀ níbẹ̀ kójú tó rí i. Fíríìjì kàn ń fà á sẹ́yìn ni.

Nọ́ọ̀sì Àlàkẹ́
Ẹ má ra ìpara funfun inú ike tí kò ní àkọlé láti fi ṣe ìpìlẹ̀. Mercury inú irú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́, clobetasol, oògùn steroid líle, ń mú kí awọ ara fẹ́lẹ́, hydroquinone, kẹ́míkà ìbóra, tí a bá lò ó pẹ́, sì lè sọ ojú di dúdú aláwọ̀ aró tí kì í fẹ́ lọ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìpara yín sí abẹ́ apá fún ọjọ́ méjì. Ní àràárọ̀, ẹ fi sunscreen (ìpara tó ń dènà oòrùn) SPF 30 lé e. Láìsí ìyẹn, oòrùn á máa dá àpá náà padà.

Ọmọ Ọjọ́tà
Ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́tà, ẹ béèrè fún ìwé àyẹ̀wò ọjà kẹ́ ẹ tó sanwó. Niacinamide gidi máa ń yọ́ mọ́ omi, omi náà á sì mọ́ kedere. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù pẹ̀lú, síbí ìdáná kò ṣeé fi wọn èyí.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Kojic acid tí mo ti rà ńkọ́?

Oníkírímù
Ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e síbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá wù yín láti lò ó nígbà mìíràn, kó má ju 1% lọ, ìyẹn ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà. Díẹ̀ ni kí ẹ pò, sínú ike tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Tó bá ti ń pọ́n, ẹ dà á nù.