Ẹ gbà mí o, kọ̀ǹpútà ń pe oko jíjó ní àpáta

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mo fẹ́ ya máàpù àwọn àpáta tó yọ síta láti Adó títí dé ìdí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti oṣù kejì ọdún ni mo lò nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù.

Ibi tí mo há sí rèé: àwọn àgbẹ̀ ti sun oko sílẹ̀ de òjò. NDVI (òǹkà tó ń fi bí ewé tútù ṣe pọ̀ tó hàn) ti ilẹ̀ tó jó àti ti àpáta lọ sílẹ̀ bákan náà, ni kọ̀ǹpútà bá kó gbogbo wọn pọ̀. Oko iṣu kan tí mo fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀, tí kò sí òkúta kankan níbẹ̀, àpáta ló pè é! Ó dùn mí, torí oṣù mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ǹ bá fi àwòrán ìgbà òjò kún un, torí ewé á ti bo oko nígbà náà, àmọ́ ìkùukùu ò jẹ́ ká rí ilẹ̀. Rédà ti sátẹ́láìtì Sentinel-1 ń ríran kọjá ìkùukùu; ṣé ẹnikẹ́ni ti lò ó lórí irú àpáta tiwa yìí rí? Àbí kí n lo ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ láti inú SRTM, ìyẹn máàpù gíga ilẹ̀ ti ọdún 2000? Ojú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 30, 10 ni ti Sentinel-2, àpáta pẹrẹsẹ ò sì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kankan.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báńdì wo (ìyẹn, irú ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń gbà) lẹ fi ya àpáta sọ́tọ̀ kúrò lára oko jíjó?